Láti Sevilla dé Granada: ọkọ̀ wo ni kí ìdílé tó mú àgbà dání wọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni à ń gbé. Èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì (ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 9, èkejì ọmọ ọdún 3) àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń bọ̀ wá kí wa láti Ìbàdàn fẹ́ lọ ṣeré ní Spéìn nínú oṣù kẹwàá. A ó lo ọjọ́ mẹ́ta ní Sevilla, lẹ́yìn náà a ó kọjá sí Granada nítorí Alhambra, ìyẹn odi àti ààfin àtijọ́ tó wà lórí òkè níbẹ̀. Màmá ti pé ẹni ọdún 71, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Àwọn kan ní ká wọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn kan ní bọ́ọ̀sì ló dáa jù, ọkọ mi sì ti pinnu pé mọ́tò lòun máa háyà. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra, ẹ bá wa kí Màmá o. Kí n sọ ibi tí mo fìdí lé kí n tó máa ṣàlàyé: fún ẹ̀yin márùn-ún yìí, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ tààrà láti Sevilla dé Granada ni kí ẹ wọ̀. Bí aago rẹ̀ kò bá bá yín mu, ẹ gba bọ́ọ̀sì, ẹ kò ní kábàámọ̀. Mọ́tò àháyà kò yẹ ìrìnàjò yìí àfi bí ẹ bá fẹ́ ya ibòmíràn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Àkọ́kọ́ ni físà Màmá. Bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni wọ́n ń lò, físà tí wọ́n fẹ́ fi wọ Ìlú Ọba kò lè gbé wọn wọ Spéìn. Físà Schengen ni wọ́n nílò, ìlú tí èèyàn ń gbé gan-an ni wọ́n sì ti ń retí pé kó ti tọrọ rẹ̀. Ẹni tó kàn wá ṣe àbẹ̀wò sí Ìlú Ọba kì í sábà rí i gbà níbẹ̀. Nítorí náà, Nàìjíríà ni kí Màmá ti ṣe é kí wọ́n tó gbéra. Òfin kan náà ló de ẹ̀yin àti ọkọ yín bí ẹ bá ṣì ń lo ìwé Nàìjíríà. Ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba kò rọ́pò físà Schengen.

Ìkejì ni tíkẹ́ẹ̀tì Alhambra, òun ló sì máa pinnu ọjọ́ àti aago tí ẹ máa kúrò ní Sevilla. Wọ́n máa ń kọ aago tí ẹ gbọ́dọ̀ wọ Ààfin Nasrid, ìyẹn ààfin àwọn ọba àtijọ́ tó wà nínú Alhambra, sórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Bí aago yẹn bá ré kọjá, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọ ààfin mọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ wá. Iye èèyàn tí wọ́n ń gbà wọlé lóòjọ́ níye, oṣù kẹwàá sì jẹ́ ìgbà tí èrò pọ̀, nítorí oòrùn ti rọlẹ̀. Orí ìkànnì àjọ tó ń ṣàkóso Alhambra àti Generalife (ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀) gan-an ni kí ẹ ti rà á, láti oṣù bíi mélòó kan ṣáájú. Orúkọ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà ni wọ́n fi ń ta á, ẹ sì máa mú ojúlówó ìwé ìrìnnà dání lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kì í sanwó, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lórúkọ wọn. Ẹ kọ gbogbo yín sínú rírà kan ṣoṣo kí aago yín lè bára mu.

Ẹ má ṣe fi aago Nasrid sí ọjọ́ tí ẹ máa dé Granada. Mo mọ̀ pé ó ń wu èèyàn láti fi ọjọ́ kan ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ bí ọkọ̀ bá pẹ́ ní wákàtí kan péré, owó tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn márùn-ún àti ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá ti lọ. Ẹ dé lọ́sàn-án, kí Màmá sinmi, kí ẹ gòkè lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó wá kan ọ̀nà fúnra rẹ̀. Nǹkan bí 250 kìlómítà ló wà láàárín ìlú méjèèjì lórí títì A-92. Bọ́ọ̀sì tí kì í dúró káàkiri ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Ọkọ̀ ojú irin tààrà ń lo bíi wákàtí méjì ààbọ̀, nígbà mìíràn ó ń lé díẹ̀. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ọkọ̀ tó ń sáré tó báyẹn kò ju bọ́ọ̀sì lọ jìnnà. Ọ̀nà rẹ̀ ló fà á. Ọdún 1992 ni ojú irin ayára láti Madrid dé Sevilla, ó sì gba Córdoba kọjá. Ti Granada kò dé títí di ọdún 2019, ìtòsí Antequera ni wọ́n sì ti so ó mọ́ èyí tó ti Córdoba lọ sí Málaga. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá kúrò ní Sevilla máa kọ́kọ́ gòkè lọ sí Córdoba, kó tó yí padà sí gúúsù lọ sí Antequera, kó tó wá dorí kọ Granada. Ó dà bí ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tó gba Ṣàgámù: títì dáa, ìyípo ni kò tán.

Kí ló wá dé tí mo ṣì fi ní kí ẹ wọ̀ ọ́? Orúnkún Màmá ni. Nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n lè dìde, kí wọ́n rìn láàárín ìjókòó, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n lọ ilé ìtura nígbà tó bá wù wọ́n. Nínú bọ́ọ̀sì, bẹ́líìtì máa wà lára wọn, ọ̀nà àárín tóóró, àtẹ̀gùn ẹnu ilẹ̀kùn sì ga. Wákàtí mẹ́ta lórí ìjókòó kan kì í ṣe nǹkan kékeré fún orúnkún tó ti ń ro ẹni. Ọmọ ọdún 3 náà á rí ibi tẹ̀ sí. Ọkọ̀ ojú irin sábà máa ń wọ́n ju bọ́ọ̀sì lọ, ṣùgbọ́n ìdínkù owó wà fún yín níbẹ̀, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Renfe ni ilé iṣẹ́ tó ń wa ọkọ̀ ojú irin yìí, Avant ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ tó ń lọ láàárín àwọn ìlú Andalucía (ẹkùn gúúsù Spéìn tí Sevilla àti Granada wà) lórí ojú irin ayára. Bí ẹ bá ń wá a lórí ìkànnì wọn, Sevilla-Santa Justa ni kí ẹ mú, torí ibùdó rélùwéè ju ẹyọ kan lọ ní Sevilla. Ẹ wá wo àkókò ìrìn dáadáa. Èyí tó bá ń lò ju wákàtí mẹ́ta lọ, ìpààrọ̀ ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ ni “transbordo”. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ wá òmíràn. Antequera-Santa Ana tí wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ sí wà láàárín oko ólífì, ó jìnnà sí ìlú Antequera fúnra rẹ̀, kò sì sí nǹkan tí ẹ fẹ́ fi ọmọdé àti àgbàlagbà ṣe níbẹ̀ bí ìpààrọ̀ bá bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà ìpààrọ̀ dandan, kí ó jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó gbé yín dé òpin. Ẹni tó bá dá ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí èkíní sì pẹ́, òfò èkejì orí ara rẹ̀ ló wà.

Ọkọ̀ tààrà kò pọ̀ lóòjọ́. Bí ẹ bá wo ìkànnì lóṣù mẹ́ta ṣáájú tí ẹ kò rí nǹkankan, kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kò sí. Wọn kò tíì ṣí àtẹ àkókò ọjọ́ náà ni. Ẹ máa padà wò ó.

Ọ̀rọ̀ owó: káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Tarjeta Dorada. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 60 lè gbà á, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́. Ìwé ìrìnnà nìkan ni wọ́n máa wò. Yúrò 6 ni, ọdún kan ló ń lò, ó sì ń yọ láti ìdá 25 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó kù sí irú ọkọ̀ àti ọjọ́. Ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ní Santa Justa ni Màmá ti lè gbà á. Bọ́ọ̀sì EA tó ń gbé èrò láti pápákọ̀ òfuurufú Sevilla ń dúró ní Santa Justa kó tó wọ àárín ìlú, nítorí náà ẹ lè sọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ ṣe káàdì, kí ẹ sì ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì yín lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo fọwọ́ sí èyí fún. Bí ìrìn yín bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi gbogbo Spéìn, ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ẹ gbàgbé ìdínkù yẹn. Àyè ìjókòó ṣe pàtàkì ju yúrò mélòó kan lọ. Ọmọ ọdún 9 ní ìdínkù tirẹ̀. Ọmọ ọdún 3 lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá gbé e lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà kọ orúkọ rẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń rà.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ẹ dé Santa Justa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Wọ́n máa gba àwọn àpò yín kọjá nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ọ̀bẹ ìdáná tí ẹ rà fún ilé kò ní kọjá. Pátákó á wá kọ “vía” àti nọ́ńbà ojú irin. Ìṣẹ́jú méjì ṣáájú àkókò ni wọ́n ń ti ẹnu ọ̀nà, wọn kì í sì í ṣí i padà fún ẹni tó ń sáré bọ̀. Aago oníwákàtí 24 ni wọ́n ń lò, Spéìn sì fi wákàtí kan ṣáájú Ìlú Ọba. Ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn: wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ ìjókòó wá, wọ́n á sì bá yín mú Màmá dé ẹnu ọkọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti béèrè fún un, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Bọ́ọ̀sì wá ńkọ́? Bí kì í bá ṣe ti orúnkún, bọ́ọ̀sì ni ǹ bá sọ fún yín tààrà. Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ALSA ló ń gbé e, ọkọ̀ rẹ̀ lóòjọ́ pọ̀ ju ti ojú irin lọ, owó rẹ̀ sì máa ń wà láàárín nǹkan bí yúrò 23 sí 30 fún àgbàlagbà kan. Ìṣòro tó máa ń wáyé jù ni ibùdókọ̀. Méjì ló wà ní Sevilla: Plaza de Armas tó wà létí odò Guadalquivir, àti Prado de San Sebastián. Ti Granada, Plaza de Armas ni. Ọ̀pọ̀ máa ń lọ sí Prado torí ó sún mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì wọn, ìgbà tí wọ́n bá fi máa sáré dé ìkejì, ọkọ̀ ti lọ. Ẹ wo àkókò ìrìn níbí náà: wákàtí mẹ́ta ni ti èyí tó ń lọ tààrà, èyí tó bá lé ní mẹ́rin ń ya ìlú káàkiri. Pátákó máa ń sọ nọ́ńbà “dársena”, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ yín máa dúró sí, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbéra. Ẹ gbé àpótí ńlá sí abẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà, oògùn Màmá àti fóònù kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú ọ̀nà, kí ẹnìkan sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àpótí. Àpótí dúdú jọra, ẹlòmíràn lè ṣèèṣì gbé tiyín lọ. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún Màmá, afẹ́fẹ́ tútù inú ọkọ̀ le.

Ó ku mọ́tò, kí ọkọ yín jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á. A-92 jẹ́ títì tó dáa, ẹnikẹ́ni kì í sanwó lórí rẹ̀, 120 kìlómítà ní wákàtí kan ni òpin eré, bí wákàtí méjì ààbọ̀ sì ni ẹ máa fi wà á. Lísẹ́ńsì Ìlú Ọba tó jẹ́ káàdì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ìwé ìwakọ̀ àgbáyé gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà. Títí dé ibí, kò sí ìjà. Inú ìlú ni wàhálà wà. Ní Granada, kámẹ́rà ń ṣọ́ òpópónà Gran Vía, àdúgbò àtijọ́ Albaicín àti àwọn òpópónà àárín ìlú mìíràn. Ọkọ̀ tí wọn kò fún ní àṣẹ tó bá gba ibẹ̀ kọjá máa jẹ owó ìtanràn. Ilé iṣẹ́ tó háyà ọkọ̀ fún yín á fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á sì yọ owó iṣẹ́ tiwọn lára káàdì yín pẹ̀lú. Bí hòtẹ́ẹ̀lì yín bá wà nínú agbègbè yẹn, wọ́n lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa rán wọn létí. Ẹ tún fi ìwọ̀nyí kún un: ọmọ tí kò tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 135 gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn lórí àga ọmọdé, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjì lẹ máa háyà, èèyàn márùn-ún pẹ̀lú àpótí kò gba inú mọ́tò kékeré, ẹni tó bá gba ọkọ̀ ní Sevilla tó fẹ́ fi sílẹ̀ ní Granada sábà máa ń san owó lé e, wọ́n á sì há owó gọbọi mọ́ káàdì yín títí ẹ ó fi dá a padà.

Ìgbà tí mọ́tò máa ń tó owó rẹ̀ ni ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ ya ìlú Ronda, tàbí kó dúró jẹun ní Osuna, tàbí kó gun àwọn abúlé Alpujarras lẹ́yìn Granada. Bó bá jẹ́ Alpujarras lẹ fẹ́, ẹ lo ọkọ̀ ojú irin dé Granada ná, kí ẹ wá háyà mọ́tò níbẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í gun Alhambra, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ronda Sur (kì í ṣe ìlú Ronda) láti ìta ìlú ló ń gbé ọkọ̀ dé ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan àárín ìlú rárá.

Ìgbọ́kọ̀pọ̀ orí fóònù bíi BlaBlaCar dára fún ọ̀dọ́ méjì tó gbé báàgì ẹ̀yìn. Ìdílé ẹni márùn-ún kò ní rí àyè. Ti bàálù, ẹ má wulẹ̀ wò ó.

Dídé Granada náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ibùdó rélùwéè sún mọ́ Avenida de la Constitución, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè rìn dé Kàtídírà ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì jìnnà jù ú lọ, ní ìhà àríwá ìlú. Bọ́ọ̀sì 33 ń ti ibẹ̀ gbé èrò wọ Gran Vía. Ṣùgbọ́n tiyín, takisí ni. Ẹ kíyè sí i pé èèyàn mẹ́rin ni takisí lásán ń gbé, ọmọ ọdún 3 sì jẹ́ ẹnìkan nínú wọn. Ẹ ní kí hòtẹ́ẹ̀lì bá yín pe èyí tó ń gbé méje ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà ní Sevilla nígbà tí ẹ bá ń lọ Santa Justa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, méjì lẹ máa wọ̀.

Ibi tí ẹ máa sùn ṣe pàtàkì fún Màmá ju ọkọ̀ lọ. Albaicín lẹ́wà, kò sí àní-àní, àwòrán rẹ̀ ló sì ń fa gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n òkè ni, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ojúlé sì wà tí takisí kò lè dé. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni ẹ máa ti wọ́ àpótí gòkè. Ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ̀rọ agbéniròkè ní ẹ̀gbẹ́ Gran Vía tàbí Plaza Nueva.

Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré pupa C30 ń gun Alhambra láti Plaza Isabel la Católica. Ó máa ń kún ní òwúrọ̀, nítorí náà ẹ jáde ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú aago Nasrid yín. Ẹ má bá àwọn èrò tó kù sọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé Puerta de la Justicia lẹ ń lọ. Ẹni tó ti ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ lè gba ibẹ̀ wọlé, ó sì sún mọ́ Ààfin Nasrid púpọ̀, nígbà tó jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀nà ńlá, ìrìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni. Ìgòkè díẹ̀ wà níbẹ̀, kí Màmá di ọmọ ọdún 9 lọ́wọ́ mú, kí ẹ máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣe Nasrid ní àkọ́kọ́, kí ẹ sinmi níwájú ààfin Carlos V níbi tí ìjókòó wà, lẹ́yìn náà kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá gun Alcazaba, ìyẹn odi àwọn ológun àtijọ́ inú Alhambra. Generalife ni kó gbẹ̀yìn, torí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá ló wà, ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì àti takisí ti ń gbé èèyàn padà sí àárín ìlú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí bàálù yín, bí ẹ kò bá tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ má padà sí Sevilla torí àtilọ sílé. Ẹ ra èyí tó máa gbé yín dé Sevilla, kí ẹ sì bọ́ sílé láti Málaga, tí bàálù tó ń lọ Manchester ti pọ̀ dáadáa. ALSA ní bọ́ọ̀sì tó ń ti Granada lọ tààrà sí pápákọ̀ òfuurufú Málaga, nǹkan bí wákàtí méjì ni; ẹ yan èyí tó máa gbé yín débẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú bàálù, kí ẹ sì gba àwọn ìjókòó iwájú fún Màmá nígbà tí ẹ bá ń rà á.